Ohun Tó Bá Ojú, Ó Ti Bá Imú

Bí ojú bá ń sunkún, ẹ wo imú. Ẹnikẹ́ni ò lù ú, ẹnikẹ́ni ò bú u, síbẹ̀ omi á máa ṣàn níbẹ̀. Ihò tóóró kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀ lábẹ́ awọ, ibẹ̀ ni omijé ń gbà. Àwọn baba wa kíyè sí èyí kí wọ́n tó ní ohun tó bá ojú, ó ti bá imú. Ọ̀rọ̀ ẹbí la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: kí àbúrò má rò pé wàhálà ẹ̀gbọ́n ò kan òun. Ṣùgbọ́n PZ, níbí ní Zaria, ni òwe náà ti yé mi jù, nítorí ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì.

Nígbà tí ìyá yìí kọ́kọ́ gbé agbada síbẹ̀, sítóòfù karosíìnì ló ń lò. Lónìí, ìdáná èédú méjì ló wà níwájú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ fún un pé, "Màmá, àkàrà yín mà ti ń kéré o." Ó yí èyí tó wà nínú epo padà, ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe èmi. Ẹni tó ń bá mi lọ ẹ̀wà ní bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ òun ń mu. Mọ́tò tó gbé ẹ̀wà wá láti oko, bẹntiróòlù náà ló ń mu. Gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń gba owó wọn."

Ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un, pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin. Lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó kọjá ₦600 ní oṣù Agẹmọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀wàrà 2024, ó ti lé ní ₦1,000.

Ká má purọ́, àrùn wà lójú lóòótọ́. Ní ọdún 2022, ₦4 tírílíọ̀nù ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí fún owó ìrànwọ́ yìí nìkan. Ẹni tó ní mọ́tò márùn-ún ń jẹ níbẹ̀ ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé epo olówó pọ́ọ́kú náà kọjá ẹnubodè lọ sí Niger àti Benin. N kò bá ẹni tó ní ká wo ojú jà. Ohun tí mo ń bi í ni pé: ẹ bi imú léèrè bí?

Ẹ wo igi. Karosíìnì àti gáàsì ti wọ́n ju ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká, èédú ló kù fún un. Igi ni èédú tẹ́lẹ̀, nínú igbó ọ̀dàn wa tí igi ò pọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Bí igi bá ti lọ, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú ti lọ nìyẹn. Bí òjò bá dé, iyẹ̀pẹ̀ á ṣàn wọ odò. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń kìlọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ń kún adágún Kubanni, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ti ń fa omi. Báyìí ni ọ̀rọ̀ owó ṣe ń di ọ̀rọ̀ igi, tí ọ̀rọ̀ igi ń di ọ̀rọ̀ omi. Àwọn tó sì ń kọ́kọ́ wá omi káàkiri ni àwọn tí kò lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé.

PZ gan-an yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Orúkọ Paterson Zochonis, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò, ló mọ́ àdúgbò yìí lára. Reluwé ló gbé ọ̀pọ̀ baba wa wá sí Sabon Gari ní Zaria níbí, reluwé kan náà ló sì ń kó òwú lọ. Ní 1957, iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ òwú sì rí ọjà tà nítòsí. Ní 1986, ìjọba ológun tú àwọn àjọ tó ń ra irè oko ká. Nígbà tó yá, aṣọ ilẹ̀ òkèèrè kún ọjà, iná ò dúró, owó epo tí ẹ̀rọ ń mu ga, àwọn iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna sì ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún retí owó àjẹmọ́nú wọn. Àwọn mìíràn kú kó tó dé. Iléeṣẹ́ ló ṣubú, àgbẹ̀ ló fara pa.

Ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ 2023 ni Ààrẹ tó kéde ọkọ̀ 3,000 tí yóò máa lo gáàsì CNG láti mú ìrìnnà rọrùn. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n omijé ti fi oṣù méjì ṣáájú aṣọ ìnujú. Ká ní ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti wà nílẹ̀, ká ní sílíńdà gáàsì ti dé ọwọ́ àwọn alákàrà, ká ní wọ́n ti ń gbin igi sí etí Kubanni kí ìkéde tó jáde, ọgbẹ́ náà ì bá má jìn tó báyìí. Igi gànǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí òfin owó, kí ó pe ẹni tó mọ igbó, kí ó pe ẹni tó mọ omi, kí ó sì pe ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní kóńgò kọ̀ọ̀kan.

Ní àná, mo tún dúró níwájú ìyá alákàrà. Ó ń fẹ́ èédú tuntun tí kò tíì ràn, èéfín sì bo ojú rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó nu imú.