Ẹ Béèrè Ṣéńjì Ilé Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní ìdájí ní Ìjú-Ìṣàgá, ní Fágbà, ní Ọbáwọlé àti Ìjàyè-Ọ̀jọ́kòrò kí ẹ tó lè bá iṣẹ́ ní Ọ̀gbà, ní Oba Akran tàbí ní Agídíngbì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí kọ̀ńdọ́ bá jẹ yín ní igba náírà ṣéńjì, ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ ó dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ ó pariwo títí owó yín yóò fi dé ọwọ́ yín, àwọn èrò yòókù yóò sì bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lu ilé tí ẹ fi ogún ọdún kọ́ ní gbàǹjo, nítorí gbèsè tí kò tó ìdajì owó ilé náà, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó forí lé Àgbádó tàbí Sàngó lọ wá yàrá gbà. Ẹ̀yin tí ẹ pariwo lórí igba náírà kò ní béèrè pé: owó ilé wa tó ṣẹ́ kù ńkọ́?

Owó yẹn, tiyín ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ayánilówó bá ta ilé tí ẹ fi dógò, gbèsè rẹ̀ ló ń gbà, kò jogún ilé yín. Bí gbèsè ẹlòmíràn bá ti wà lórí ilé náà ṣáájú tirẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ san. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ìnáwó títà: owó onígbànjo, owó lọ́yà, owó ìkéde. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú owó tó yá yín àti èlé rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, dandan ni kó dá a padà fún ẹni tó ni ilé, àfi bí ayánilówó kejì bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúró de tirẹ̀.

Ìlànà yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ó wà nínú Conveyancing Act ti ọdún 1881 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dé ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin Property and Conveyancing tirẹ̀ ní 1959, ó tún wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn, Agége àti Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó gbà wọ́n ní 1967. Òfin 1881 náà sọ pé bí ayánilówó bá ti gba owó ilé tán, ó ń bá ẹni tí owó náà tọ́ sí tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tí owó olówó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé òun ti ná an, tàbí pé kò sẹ́ni tó wá béèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n ta ilé yàrá mẹ́jọ kan ní Fágbà ní mílíọ̀nù 28 náírà. Ká ní gbèsè àti èlé jẹ́ mílíọ̀nù 11, kí ìnáwó títà sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.5. Mílíọ̀nù 14.5 náírà ló ṣẹ́ kù. Ìdílé tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kò ní kúrò níléèwé, bàbá tí ìtìjú ti fẹ́ pa yóò gbé orí sókè láàárín ẹgbẹ́. Bí ìdílé náà kò bá béèrè, inú àkáǹtì ẹlòmíràn ni gbogbo òógùn yẹn yóò máa gbé.

Kí ló fà á tí a kì í fi í béèrè? Ìtìjú ni. Ẹni tí wọ́n ta ilé rẹ̀ a máa wo ara rẹ̀ bí ọ̀daràn. Kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀, kò fẹ́ kí àna gbọ́, kò tún fẹ́ fojú kan ọ́fíìsì tí wọ́n ti yá a lówó. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́n ìtìjú yẹn dànù. Ẹ jẹ gbèsè, wọ́n sì ti gba gbèsè wọn. Ní ọjọ́ tí gbàǹjo parí, bí owó bá ṣẹ́ kù, àwọn ni wọ́n di ajigbèsè yín.

Lẹ́tà ni nǹkan àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ má fẹnu sọ ọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n tà á, iye tí wọ́n tà á, orúkọ onígbànjo àti ti ẹni tó rà á. Ẹ béèrè iye gbèsè yín ní ọjọ́ títà gan-an àti bí wọ́n ṣe ṣírò èlé, nítorí èlé kò yẹ kó tún máa gun gbèsè tí wọ́n ti rí owó rẹ̀ gbà. Ẹ béèrè risíìtì ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Ibi ìnáwó yìí ni kẹ́ ẹ ti lajú jù lọ, ibẹ̀ ni owó ti ń pòórá: owó lọ́yà tí kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ rẹ̀, owó ẹ̀ṣọ́ fún ilé tí ẹ ṣì ń gbé nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, ọjọ́ rẹ̀ lórí.

Mi ò ní tàn yín jẹ: kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn wá ni kọ́ọ̀tù lè bá wa yí padà. Ní 1973, nínú ẹjọ́ kan tó kan ilé iṣẹ́ ayánilówó tó ń jẹ́ Nigerian Housing Development Society, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé owó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti wọ́gi lé títà ilé, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé jìbìtì wọ̀ ọ́. Ní 1977, nínú ẹjọ́ mìíràn tó tún kan ilé iṣẹ́ kan náà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́ọ̀tù dá títà dúró gbọ́dọ̀ kó iye gbèsè tí wọ́n ń béèrè wá síwájú kọ́ọ̀tù. Ìdájọ́ wọ̀nyí le fún mẹ̀kúnnù. Nítorí náà, ẹ má ta ìyókù ohun ìní yín láti pẹjọ́ pé wọ́n ta ilé yín ní ọ̀pọ̀, bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí màgòmágó. Bí ẹ bá rí i pé ayánilówó ta ilé náà fún ara rẹ̀, tàbí fún ẹni tó kàn ń bá a dúró, ìyẹn yàtọ̀: òfin kò gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó tó ṣẹ́ kù kò nílò ẹ̀rí jìbìtì kankan. Ẹ̀tọ́ yín ni, bó ti wù kí wọ́n ta ilé náà ní owó kékeré tó.

Àwọn ohun kan wà tó yẹ ká ti mójú tó kó tó di gbàǹjo. Òfin àwọn onígbànjo, tó ti wà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ lu ilẹ̀ tàbí ilé ní gbàǹjo láìkéde rẹ̀ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ní olú ìlú agbègbè náà àti níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà á. Ìwé nìkan kò sì tó. Òfin náà dárúkọ ìlù, tàbí ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò kàwé lè fi gbọ́. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé títà ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé láàárín báńkì àti ẹnì kan. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́, kí àwọn tó fẹ́ rà pọ̀, kí owó ilé náà lè gòkè. Níjọ́ tòní, ẹ lè má gbọ́ ìlù kankan ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ẹ máa wo ara ògiri. Ẹ ya fọ́tò ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀. Kí òòlù onígbànjo tó dún, ẹ ṣì lè san gbèsè náà kẹ́ ẹ gba ilé yín.

Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní C of O. Risíìtì ìdílé, ìwé àdéhùn àti sọ́fè la ní, àwọn yẹn náà la sì ń gbé lọ fún ayánilówó. Ẹni tó kàn gba ìwé ilé sọ́wọ́, láìsí ìwé ìdógò tí ẹ fọwọ́ sí lọ́nà òfin, kò lè dá ilé náà tà; kọ́ọ̀tù ni yóò fún un láṣẹ. Nítorí pé àwọn kan mọ èyí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé mìíràn, wọ́n á ní ìlànà lásán ni. Ẹ kà á, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á fún yín. Bó bá jẹ́ ìwé títà ni, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé òun ti ta ilé òun nígbà tó jẹ́ pé owó ló lọ yá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dínà ìyókù owó náà. Bó bá sì jẹ́ ìdájọ́ gbèsè ni wọ́n ń mú ṣẹ, ẹrù ni báílìfù yóò kọ́kọ́ gbé. Kí wọ́n tó kan ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù, bí wọ́n bá sì tà á pẹ̀lú àṣìṣe ńlá, ọjọ́ 21 lẹ ní láti ké sí kọ́ọ̀tù kan náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òkú ló ń dùn mí jù. Bàbá yáwó, bàbá kú, wọ́n ta ilé, ìyá àti àwọn ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Owó tó ṣẹ́ kù di ti àwọn tó jogún rẹ̀. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ẹ̀ka probate ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó, kí ẹni tí ẹ bá yàn lè gba owó náà lórúkọ gbogbo yín. Bóyá ìdí igi lẹ fẹ́ fi pín in ni o, bóyá orí ò jorí ni o, ẹ kọ́kọ́ gbà á ná. Opó tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, bí ọkọ rẹ̀ kò bá kọ ìwé ìhágún, ní ìpín tirẹ̀ lábẹ́ òfin Èkó. Ẹ má jẹ́ kí ìjà orogún sọ owó yìí nù.

Ẹni tó bá rò pé àlá ni mò ń lá, kó wo Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Geraldine Tyler ní fúláàtì kékeré ní ìlú Minneapolis. Owó orí ilé náà kò wọlé, gbèsè pẹ̀lú ìtanràn sì gòkè dé nǹkan bí 15,000 dọ́là. Ìjọba ìbílẹ̀ Hennepin gba fúláàtì náà, ó tà á ní 40,000 dọ́là, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sápò. Màmá náà bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí 25,000 tó lé. Ó pàdánù ní kọ́ọ̀tù kan, ó pàdánù ní òmíràn, kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, 2023, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 94, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ panu pọ̀ dá a láre. Bí arúgbó bá lè gbé ìjọba lọ síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí dalẹ́ lè gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ayánilówó.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí yóò sáré wá bá yín pé àwọn lè gba owó náà jáde, kẹ́ ẹ sáà fún àwọn ní ìdajì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn, ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó yín sínú àkáǹtì tirẹ̀.

Bí báńkì ni ayánilówó yín, tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò dáhùn lẹ́tà yín, ẹ gbé ẹ̀dùn yín lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, CBN. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Office of the Public Defender wà fún un. Bí wọ́n bá ti kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún yín tí wọn kò san án, tí kò sì ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ilé ẹjọ́ Small Claims tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 lábẹ́ àwọn Májísíréètì lè gbọ́ ọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní kí ẹjọ́ ibẹ̀ fi parí. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yẹn fi ṣe pàtàkì: ó ń sọ àríyànjiyàn di iye kan pàtó. Kẹ́ ẹ má sì fi falẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó sábà máa ń fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ gbèsè.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá wọ ọ́fíìsì ayánilówó, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò dá a padà. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ lé wọlé, wọ́n á fún un ní àga. Ẹ yan ènìyàn méjì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí yóò máa bá irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò sì máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dojú kọ báńkì, ẹ wo fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ti ẹgbẹ́ yín. Ṣé ó sọ pé bí ẹ bá ta ohun ìdógò ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ó dá ìyókù padà, àti ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà? Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ìpàdé oṣù yìí ni kẹ́ ẹ fi kún un. A kò lè máa béèrè lọ́wọ́ báńkì ohun tí a ń fi du ara wa.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ta ilé yín ńkọ́, ìbáà jẹ́ ọdún tó kọjá, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹ lọ tú àpótí yín lálẹ́ òní. Ẹ wá lẹ́tà ẹ̀yáwó, risíìtì àwọn owó tí ẹ ti san, àti ìwé ìkéde gbàǹjo náà. Ẹ pe ọmọ tó mọ̀wé nínú ilé, kẹ́ ẹ jọ jókòó kọ lẹ́tà, kí ó sì ti dé ọwọ́ ayánilówó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.