Ta Ni Ó Ni Ẹsẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Gbá Bọ́ọ̀lù?

Ní oṣù tó kọjá, bí a ti ń parí ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì, ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé lóòótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, ọmọ collège lè fi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún òmíràn, bí Mbappé ṣe fi Paris sílẹ̀ lọ sí Madrid?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, collège ni ibi tí ọmọ ọdún méjìlá ti ń wá bàtà rẹ̀ kan tí ó sọnù. A kọ́kọ́ ní láti là á yé wọn pé yunifásítì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀, níbi tí a ń lọ lẹ́yìn BAC. Kí a tó dé ìdí ọ̀rọ̀, agogo ti lù. Ìdáhùn tí a kò parí lọ́jọ́ náà ni a gbé wá sí ojú ìwé yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà kì í ṣe àṣedárayá lásán. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan gba ènìyàn tí ó lé ní 100,000, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ń san owó ńlá láti fi irú eré bẹ́ẹ̀ hàn. NCAA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, ni ó ń ṣe òfin fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ yìí kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù gba owó oṣù: owó ẹ̀kọ́, ibùsùn àti oúnjẹ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1955, ọmọ kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Colorado kú nítorí ọgbẹ́ tí ó gbà lórí pápá. Opó rẹ̀ béèrè owó ìtanràn tí wọ́n ń san fún ìdílé òṣìṣẹ́. Ní 1957, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà sọ pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún náà ni NCAA fi orúkọ "akẹ́kọ̀ọ́-eléré" lọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ọmọ náà ní alágbàṣe. Walter Byers, ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1995.

Láti inú èrò kan náà ni òfin ìkúrò ti jáde. Bí ẹni tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, tàbí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, bá fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn, yóò jókòó fún odidi ọdún kan. Ó lè bá ẹgbẹ́ tuntun ṣe ìdánrawò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdíje, òǹwòran ni. Ṣáájú 2018, ó tilẹ̀ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ fi sílẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tó lè fún un ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ ro ó wò: ẹni tí ọmọ ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò fún un ní àṣẹ àtilọ.

Ẹni tí ó bá mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tàbí ti mẹkáníìkì ní ìlú wa kò ní ṣàì rántí nǹkan. Ọ̀gá kan kì í ṣàdédé gba ọmọ-iṣẹ́ ọ̀gá mìíràn. Bí ó bá gbà á, ìjà dé. Èyí ní ìdí, nítorí ọ̀gá ti fi àsìkò rẹ̀ kọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá aránṣọ kì í jí lọ́jọ́ kan kí ó kó lọ sí ìlú mìíràn, kí ó fi àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí máṣíìnì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, Brian Kelly, akọ́nimọ̀ọ́gbá Notre Dame, lọ sí LSU nígbà tí ìdíje ìparí ọdún ṣì kù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àdéhùn tuntun rẹ̀ jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, ó sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 95 dọ́là. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó fún ọdún kan. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni Lincoln Riley fi Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC. Ní ti Riley, òfin ti yí padà fún àwọn ọmọ rẹ̀: Caleb Williams tẹ̀ lé e ní 2022, ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà gan-an, ó sì gba ẹ̀bùn Heisman tí wọ́n ń fún eléré tó ta yọ jùlọ. Lábẹ́ òfin àtijọ́, orí ìjókòó ni ìbá ti lo ọdún náà.

Àwa tí a ń ka Faransé ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí. Àdéhùn Jean-Marc Bosman pẹ̀lú Liège parí ní 1990, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà béèrè owó kí ó tó lè lọ sí Dunkerque. Ní oṣù kejìlá 1995 ni ilé-ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg dá a láre. Nígbà náà, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára jùlọ ti kọjá.

Òfin ti Amẹ́ríkà kò wó lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹwàá 2018, NCAA ṣí àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní portal: ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, kò sì ní tọrọ àṣẹ mọ́. Ní 2021, wọ́n gbà kí olúkúlùkù kúrò lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ẹni tí ó bá kúrò lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ṣì ń dè. Ọ̀rọ̀ náà bá RaeQuan Battle, tí ó gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Washington, tí ó lọ sí Montana State, tí ó sì dé West Virginia ní 2023. NCAA kọ̀ fún un. Ìpínlẹ̀ méje pe àjọ náà lẹ́jọ́; ní oṣù kejìlá, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá òfin náà dúró, Battle sì wọ pápá. Ní 2024, wọ́n pa á rẹ́: ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ń lọ déédéé lè kúrò ní iye ìgbà tí ó bá fẹ́.

Àwọn tí ń gbèjà òfin àtijọ́ ní ẹ̀kọ́ ọmọ ni àwọn ń dáàbò bò. Olùkọ́ ni wá, a kò lè fi èyí ṣẹ̀sín. A ti rí ọmọ tí ó yí lycée padà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láìmọ ojú ìwé tí ó kà dé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin yunifásítì kan náà lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí ó sì fun fèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé. Èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀? Lójú tiwa, owó ni wọ́n ń ṣọ́.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ọmọkùnrin wa rò pé ọ̀nà ti tẹ́jú. Bí orúkọ ọmọ bá ti wọ portal, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní ìparí sáà, kí wọ́n sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń kọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n. Owó pẹ̀lú ti wọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba: láti oṣù keje 2021, ọmọ lè gba owó ìpolówó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, àdéhùn tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 sì jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè pín nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tún ní ìdè tirẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ owó bí ó ṣe wù ú, bí ó bá sì yí ilé-ẹ̀kọ́ padà, àkọsílẹ̀ físà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Oscar Tshiebwe, ọmọ Lubumbashi tí ń sọ Faransé bíi tiwa, fi West Virginia sílẹ̀ lọ sí Kentucky ní 2021. Ní 2022, òun ni wọ́n yàn ní agbábásíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì tó dára jùlọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ń ṣe ìpolówó nílé. Òun ní láti dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ lọ sí erékùṣù Bahamas ní oṣù kẹjọ, níta ààlà Amẹ́ríkà, kí ó tó ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, bí aṣojú kan bá gbé ìwé wá sí ilé yín, ẹ̀yin òbí, ẹ bi í bóyá owó ìrànwọ́ náà jẹ́ ti ọdún kan tàbí títí di ìgbà tí ọmọ yóò gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí ó fi ibi tí a kọ ọ́ sí hàn yín.

Ọmọkùnrin náà padà wá bá wa lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. A tún ìtàn náà sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹni tí ó bá lọ sí yunifásítì mẹ́ta, èwo ni yóò fún un ní ìwé-ẹ̀rí?" A ní ti ìkẹyìn ni, bí ó bá gba ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní méjì àkọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Bí kò bá gbà á ńkọ́?" A ní yóò tún un kọ́ ni.