Ẹ Má Rì Ẹ̀ka Igi Wa Sínú Ibú

Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì tún wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwa ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti dá ₦500 jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ká gé ẹ̀ka igi, ká kó o sínú adágún tó wà lẹ́yìn oko bàbá bàbá mi, kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀, ká pa wọ́n tà. Mo fọwọ́ sí i. Èmi gan-an ni mo mú àbá náà wá. Ohun tí mi ò fọwọ́ sí ni ibi tí àwọn kan fẹ́ kó igi náà sí. Nínú ìwé ògiri wa tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan kọ ọ́ pé inú ibú ni ẹja ńlá ń gbé, pé àárín gbùngbùn adágún ni ká rì í sí, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ká ṣe é. Ó ní òun wo fídíò àwọn Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ lórí eléyìí, ó ṣì í.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun tó ní ká ṣe yìí gan-an. A di ẹ̀ka igi pa pọ̀ tewétewé, a so òkúta mọ́ ọn, a tì í sí ibi tó jìn jù. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, epìyà mẹ́rin péré la rí, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọ̀n wa há mọ́ igi. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú omi lọ láti tú u, okùn àwọ̀n sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ké lọ́jọ́ náà. Ó jáde o, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Òórùn yẹn ló jẹ́ kí n máa ronú. Tíṣà bàólọ́jì wa ti kọ́ wa pé ibi tí nǹkan bá ti ń jẹrà láìsí afẹ́fẹ́ ni irú òórùn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ewé tí àwa fúnra wa kó síbẹ̀ ló ń jẹrà, tó ń gba ọ́síjìn tó kù nísàlẹ̀ omi. Ẹja wo ló máa wá gbé níbẹ̀? Ẹnì kan á ní àrọ̀ ń gbé inú ẹrẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ àrọ̀ máa ń yọ orí sókè wá mí. Epìyà ò ní irú ẹ̀bùn yẹn, epìyà ló sì pọ̀ jù nínú adágún wa.

Kì í sì ṣe ibi ìsápamọ́ nìkan ni epìyà ń wá lára igi. Oúnjẹ ló ń wá. Bí igi bá pẹ́ nínú omi, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ á hù sí i lára, òun ni ẹja ń ha jẹ. Nǹkan yẹn ò lè hù láìsí oòrùn (fọtosíńtẹ́sísì tí a kọ́ sórí fún ìdánwò nìyẹn, ẹ ò rí i pé ó wúlò). Mo so okùn mọ́ àwo funfun kan, mo sọ ọ́ sínú adágún. Kó tó lọ tó gígùn apá mi, mi ò rí i mọ́. Omi wa pọ́n. Oòrùn lè kọjá ibẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò lè dé ibi tó jìn tó èèyàn méjì.

Ibi tí fídíò ti tan ọ̀rẹ́ mi jẹ nìyí. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kó igi Kérésìmesì tí wọ́n ti lò tán sínú adágún fún ẹja. Àmọ́ púpọ̀ nínú adágún wọn mọ́ gaara, oòrùn ń wọlé jìnnà. Ẹja tí wọ́n ń lé náà kì í ṣe epìyà, ẹja tó ń jẹ ẹja ni, tó máa ń lúgọ sábẹ́ igi. Mítà mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe mítà mẹ́rin lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtòsí. Ní orílẹ̀-èdè Benin (kì í ṣe Benin tí mọ́tò ń gba ọ̀dọ̀ wa lọ o), adágún kan wà nítòsí Kútọnu tó ń jẹ́ Nokoué. Àwọn ará Ganvié, tí wọ́n kọ́lé sórí omi níbẹ̀, ti ń fi ẹ̀ka igi kó ẹja jọ tipẹ́tipẹ́. Acadja ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í jù ú sínú ibú. Ńṣe ni wọ́n ń gún ẹ̀ka mọ́lẹ̀ lóòró, kó súnmọ́ra, níbi tí omi ò jìn púpọ̀, orí igi á sì yọ sókè. R. L. Welcomme, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1972, rí i pé tọ́ọ̀nù 4 sí 20 ni wọ́n ń rí nínú hẹ́kítà kan lọ́dún. Ó ní àléébù tirẹ̀ o: igi tó ń jẹrà máa ń mú kí adágún kún, igi gígé ń ba igbó jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní díẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kù síbì kan. Oṣù Kẹwàá la wà yìí, adágún kún. Ibi tí omi ti mu mí dé àyà lónìí, tí ọyẹ́ bá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, ewúrẹ́ á máa jẹko níbẹ̀. Tí a bá gún igi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, igi ìdáná la fi ₦500 wa rà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé ká dúró di oṣù Kejì, nígbà tí omi bá fà dé ibi tó máa fà dé. Ká wá fẹsẹ̀ ara wa rìn wọlé, ká dúró níbi tó bá ti mu wá dé àyà, ká gún ẹ̀ka gígùn tí a ti já ewé rẹ̀ síbẹ̀. Tí òjò bá dé, omi á bò wá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà yẹn. Orí igi ṣì máa wà nítòsí oòrùn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e la máa kó ẹja.

Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn SS3, nítorí wọ́n á ti jáde kí ẹja tó dọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n bínú. Ẹ jẹ́ ká dá owó wọn padà, tàbí ká kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n wá gba ìpín wọn nígbà tó bá yá. Èyí tó bá wù wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, la máa dìbò. Ọ̀pá kan wà nílé wa tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀bẹ sàmì sí lára, ibi tí omi dé lóṣù Kejì àti ibi tó dé báyìí. Màá gbé e wá.