Gbogbo ohun tó hù lórí igi kọ́ ni àfòmọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan. Bóyá òwe yìí ló mú kí àwọn àgbẹ̀ kan máa yọ àdá sí ohunkóhun tó bá ti hù lórí igi. Ṣùgbọ́n òdòdó tí òyìnbó ń pè ní ọ́kíìdì kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa wọnú igi lọ, a sì máa fa omi ara rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Èèpo igi ló kàn dì mú, òjò àti ìrì ló ń mu.

Àìmọ̀ yìí kan náà ló ń pa á lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni wọ́n ń kó dì í, wọ́n á sì gé gbòǹgbò tó yọ síta. Bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò náà ló fi ń mu omi, tó fi ń mí. Bí ilẹ̀ bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rà.

Èèpo igi gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, nínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, ló bá a lára mu. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún méjì. Gbòǹgbò tó ti rà nìkan ni kí ọ̀bẹ kàn. Èyí tó le, kí wọ́n fi sílẹ̀ níta.

Kí àgbẹ̀ náà wo ìdí rẹ̀ dáadáa kó tó gbé àdá. Bó bá wọnú igi, kó gé e. Bó bá kàn lẹ̀ mọ́ èèpo, kó dá a sí. A kì í torí olè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.