Ọmọ Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà: Ta Ni Yóò Sìn Ín Dé Òpin?

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan wọlé sí ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Ìyá yóò dá aṣọ, a ó pe àwọn àlùfáà, àwọn alásàlátù yóò kọrin, àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ ìyá yóò sì náwó. Ìdúpẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ kejì náà ni púpọ̀ nínú wa kì í sì í béèrè ọmọ náà mọ́, títí a ó fi gbọ́ pé ó ti di dókítà, tàbí pé ó ti padà sílé lófo. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìnáwó ọjọ́ kan kò lè sin ọmọ dé òpin ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ní ọdún kìn-ín-ní, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ọmọ yóò kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè pẹ̀lú àwọn yòókù. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ bí Ọlọ́run ti to ara ènìyàn àti bí ara náà ti ń ṣiṣẹ́. Yóò dúró ti òkú lórí tábìlì, yóò mọ orúkọ egungun, iṣan àti ẹ̀jẹ̀, yóò sì jókòó fún ìdánwò ńlá kan. Ẹni tí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ lè tún ọdún náà kọ́, wọ́n sì lè ní kí ó fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yege yóò lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì náà ní Ṣàgámù, níbi tí yóò ti lo bí ọdún mẹ́ta lẹ́bàá ibùsùn àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà yìí, ó ku ọdún kan tí yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn dókítà àgbà, àti ọdún kan ìsìnrúùlú àwọn agùnbánirọ̀. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn, bí kò bá sí ìdíwọ́. Ìdíwọ́ sì máa ń wà: ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà gba oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ẹrù yìí máa ń wúwo jù. Ní àkókò náà ni àwọn tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin, ti parí, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Àwọn aládùúgbò yóò máa bi ìyá pé, “Ìgbà wo ni tìrẹ yóò jáde?” Ìyá tí ń ta obì ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí tí ń ta ẹja ní Ìwópìn ti ń fa owó òwò rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, igbá tí ó kún ní ọdún kìn-ín-ní ti di ìdajì. Ọmọ náà kò sì lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa rí ìsinmi gígùn tí wọ́n fi ń ṣòwò tàbí kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó wà ní wọ́ọ̀dù kì í ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òru ni wọ́n ń pè é, òwúrọ̀ ni wọ́n ń bi í ní ìbéèrè lójú aláìsàn. Ebi àti gbèsè lè mú ọmọ tí orí rẹ̀ pé fìdí rẹmi.

Ọmọ Mùsùlùmí tún ní ti rẹ̀. Àyẹ̀wò aláìsàn lè bọ́ sí àkókò Jímọ̀. Ọmọbìnrin ní láti mọ bí yóò ti bo orí rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láìrú òfin ìmọ́tótó ibẹ̀. Iṣẹ́ òru nínú ààwẹ̀ kò rọrùn. Kí àwọn àlùfáà wa jókòó ti àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀sìn rọ̀ fún wọn, kí wọ́n má kàn máa bá wọn wí. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí Ìsìláàmù rárá. Ibn Sina, tí ó kú ní ọdún 1037, kọ ìwé ìṣègùn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù lò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ọmọ elòmíràn ni, kí ló kàn mí?” Ẹ wo Ògùn Waterside. Láti Abígi títí dé etí òkun, àwọn abúlé wà tí ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn ń wọ̀ débẹ̀. Nígbà tí aboyún bá ń rọbí níbẹ̀ lóru, Ṣàgámù jìnnà. Ta ni yóò gbà láti lọ gbé ibẹ̀, bí kì í bá ṣe ọmọ tí ó mọ omi náà láti kékeré? Ní ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé iye tí a fi ń kọ́ dókítà kan lé ní 21,000 dọ́là. A kò dá àwọn tí ó lọ lẹ́bi tán. Ẹni tí ó dá nìkan jìyà nígbà ẹ̀kọ́, tí gbèsè ń lé kiri, kò lè ṣàìwá ibi tí owó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú tọ́, ìlú lẹ́nu lórí rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1938, Ẹgbẹ́ Ibibio dáwó jọ, wọ́n rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé ní òkè-òkun. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, owó tí àwọn Mùsùlùmí sì dá jọ ni a fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú mọ́sálááṣí kan bá ń dá ₦500 lóṣù, ₦50,000 ni, ní ọdún kan, ó di ₦600,000. Àjọ lásán nìyẹn, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n dá. Kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a yan ẹni tí kò ní kó o jẹ, kí a sì máa san án tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ àti onílé. Kí ọmọ náà ṣèlérí pé, nígbà tí ó bá di dókítà, yóò máa wá tọ́jú àwọn ènìyàn wa fún ìwọ̀n ọjọ́ kan lọ́dọọdún.

Ìrànlọ́wọ́ ìjọba náà wà. Àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún yunifásítì, ó sì ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó kékeré. Àwọn kan nínú wa ń sá fún un nítorí pé wọ́n gbọ́ “ẹ̀yáwó”. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé, sísan rẹ̀ sì di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú. Kí àwọn òbí béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì ọmọ wọn.

Ẹ̀yin onílé ní Àgọ́-Ìwòyè, Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó, owó ilé tí ẹ bá dín fún ọmọ aláìní, sàráà ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ dín ìrẹsì ọjọ́ ìgbàwọlé kù, kí ẹ fi ìyókù pamọ́ de ọdún kẹrin. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí Ọlọ́run Ọba bá wa sin àwọn ọmọ wa dé òpin ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ kí a rí ìlò wọn nílé. Àmín.