Kẹ̀kẹ́ Kọ́ Ló Jẹ̀bi, Ìjókòó Rẹ̀ Ni

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 ni ọ̀kadà ti gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa ní Òkè-Ogbó fi ń gun kẹ̀kẹ́ wá síléèwé. Àmọ́ kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pa á tì sẹ́yìnkùlé. Bí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ìdí ń dùn mí jàre!"

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ kẹta tí bùrọ̀dá mi fún mi ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo ti fẹ́ tà á. Mo wé fóòmù mọ́ ìjókòó rẹ̀, ló bá tún burú sí i. Baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ ò ṣe ọ́ ní nǹkan, ìjókòó ló ga jù." Wọ́n mú sípánà, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tán.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Jókòó, kí o fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ìdí rẹ bá ń yí sọ́tùn-ún sósì kí ẹsẹ̀ tó kàn án, ó ga jù. Bí orúnkún bá ká, ó relẹ̀ jù. Kí ìjókòó náà tẹ́jú bíi tábìlì. Egungun ìdí méjèèjì ló yẹ kó gbé wa, kì í ṣe ẹran ara. Fóòmù tó rọ̀ jù máa ń rì ni. Egungun yìí sì sábà máa ń jìnnà síra lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, nítorí náà ìjókòó tóóró tó tẹ́ bùrọ̀dá lọ́rùn lè má tẹ́ àǹtí lọ́rùn. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Àwọn kan á ní, "Fara dà á, á mọ́ ẹ lára." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ń kú bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé, ìyẹn kì í ṣe ìfaradà mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ iléèwé wa ni pé kí sípánà kan àti pọ́ǹpù kan wà lọ́dọ̀ gétìmáànù. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ á dín pípẹ́ dé kíláàsì kù.

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún gàárì rẹ̀ dì.