Ẹ Bi Àwọn Ará Ilé Kí Ẹ Tó Mú Ajá Wọlé

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ àdéhùn láàrin ayálégbé àti onílé ni a sọ ní ojú ewé yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni méjì nínú yín kọ̀wé sí wa pé àwọn ń gbèrò láti mú ajá sílé, pé kí a jọ̀wọ́ sọ ohun tí a bá mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ní ológbò. Èkejì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan tó ti ní ajá tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè náà bà wá níbi tó ń dùn wá, nítorí pé ní ọdún tó kọjá, àwa pàápàá fi ìwàǹwára ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹlòmíràn ni ó sì jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Àwa tí à ń kọ ojú ewé yìí jẹ́ ayálégbé nínú ilé ìyá àgbà kan ní ìlú Leeds. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ajá méjì àti ológbò kan ni ó ń bá a gbé. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa nílé, ajá ọdẹ ni a mọ̀, tàbí ajá tí ń ṣọ́ ilé. Ìta ni ó ń sùn, ìyókù oúnjẹ ni ó sì ń jẹ. Ẹnu yà wá nígbà tí a bá ajá lórí àga onítìmùtìmù nínú pálọ̀, tí a sì gbọ́ tí wọ́n ń kí i pé ẹ káàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú wa fi mọ́ ọn. Rufus, ajá Labrador ọlọ́dún mọ́kànlá, ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀yàyà gbà wá nínú ilé náà, kí ìyá fúnra rẹ̀ tó yá mọ́ wa. Ní alẹ́ tí a bá ń kọ̀wé di òru, ẹ̀bá ẹsẹ̀ wa ni ó máa ń sùn sí.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá ni ajá kejì kú. Ilé náà pa lọ́lọ́. Rufus kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń lọ dùbúlẹ̀ sí. Ìyá sọ pé òun kò tíì fẹ́ ajá mìíràn. Àwa ni a kò gbà. A rò pé bí ajá mìíràn bá ti dé, ẹkún á tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi bá a rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń kó kúrò ní ìlú: akọ terrier kékeré, ọlọ́dún kan àti ààbọ̀, tí ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ó dára lójú, ọ̀fẹ́ sì ni. A kò béèrè bóyá ó ti bá ológbò gbé rí. A kò mú Rufus lọ pàdé rẹ̀ níta. A kàn ṣí ilẹ̀kùn, a sì tú u sílẹ̀ nínú pálọ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn Kérésìmesì dé.

Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti lé Molly, ológbò ilé, dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Molly gba ojú fèrèsé bọ́ síta, ọjọ́ kẹta ni a tó rí i nínú ahéré tí aládùúgbò ń kó irinṣẹ́ ọgbà sí. Ní ti Rufus, eegun ìbàdí ti ń dùn ún nítorí ọjọ́ orí. Nígbàkúgbà tí ọmọdé ajá yìí bá fò mọ́ ọn, a kùn. Ohun tí àwa sì ń ṣe ni pé à ń bá Rufus wí, à ń ní kó dákẹ́. Nínú gbogbo àṣìṣe wa, èyí ló burú jù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nídìí àwo oúnjẹ, Rufus kò kùn rárá. Ó kàn gé èkejì jẹ ní etí. Ìyá na ọwọ́ sí àárín wọn láti là wọ́n, eyín sì bà á. Ojú mẹ́rin ni wọ́n rán sí i lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí a jọ padà dé, kò bá wa jà. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Mo ti sọ fún yín pé kò tíì yá." A kò rí ojú gbé sókè.

A dá ajá náà padà fún olówó rẹ̀, òun náà sì bá a wá ilé mìíràn níbi tí kò sí ẹran ọ̀sìn kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ajá lẹ́bi. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń sin irú rẹ̀ láti máa lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti eku wọnú ihò. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni ó ń ṣe. Àwa ni a mú un dé ibi tí kò yẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ènìyàn lára.

Oṣù mẹ́fà kọjá kí ìyá fúnra rẹ̀ tó tún dá ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, a fara balẹ̀. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Èkíní, kì í ṣe ajá tó wù yín ni kí ẹ wá, bí kò ṣe ajá tó bá àwọn tí ẹ ti ní mu. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ẹran tó wà nílé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nítorí ajá tí nǹkan ń dùn kò ní sùúrù fún àlejò. Bí ajá ilé bá ti darúgbó, ẹ má mú ọmọ ajá wá bá a. Àgbà ajá tó ní ìfarabalẹ̀ ló yẹ ẹ́. Akọ àti abo sábà máa ń gbọ́ra wọn yé ju akọ méjì tàbí abo méjì lọ, pàápàá bí dókítà bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ. Bí ọ̀kan bá tóbi tí èkejì sì kéré púpọ̀, eré lásán lè di ìpalára. Ẹ má sì mú ọmọ ìyá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ara wọn ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní kọbi ara sí yín.

Ẹni tó bá ní ológbò, kó béèrè ajá tó ti bá ológbò gbé rí láìsí ìjà. Bí ọmọ ajá ni ẹ bá fẹ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Scott àti Fuller, kọ sínú ìwé wọn ní ọdún 1965: láàrin ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ayé ọmọ ajá ni ọkàn rẹ̀ máa ń ṣí jùlọ láti mọ ẹni tí yóò kà sí ará ilé. Èyí tó bá ti rí ológbò ní àkókò yẹn yóò rọrùn ju èyí tí kò rí i rí lọ. Ní ti ehoro, ẹyẹ inú àgò àti eku tí àwọn ọmọdé ń sìn, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú ajá kankan, bó ti wù kó níwà pẹ̀lẹ́ tó.

Èkejì, ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń mú un. Àwọn ilé ìtọ́jú ajá aláìnílé pọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Battersea ti wà láti ọdún 1860, Dogs Trust sì ti wà láti ọdún 1891. Wọn yóò bi yín ní ìbéèrè bí ẹni ń wá àfẹ́sọ́nà: ta ló ń gbé nínú ilé, wákàtí mélòó ni ẹ fi ń wà níta, ṣé ọgbà ní odi? Ẹ má bínú. Wọ́n tún lè ní kí ẹ mú ajá ilé wá kó pàdé tuntun. Ìbéèrè tí àwa kò béèrè nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń bá yín béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rántí òfin. Ní England, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2020, oníṣòwò alágbàtà kò gbọdọ̀ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Lọ́wọ́ ẹni tó sin ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n bí i sí. Láti ọdún 2016 ni ó ti di dandan kí ajá ní ẹ̀rọ kékeré bí ẹyọ ìrẹsì lábẹ́ awọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tọ́ka sí olówó rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ó ti kan ológbò pẹ̀lú. Bí ajá bá jáde, orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọdọ̀ wà lára okùn ọrùn rẹ̀. Ajá XL Bully ńkọ́? Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, èèwọ̀ ni ní England àti Wales láìsí ìwé àṣẹ. Ayálégbé sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ onílé sínú ìwé. Ẹ bi àwọn tí ẹ jọ ń gbé pẹ̀lú: ẹlòmíràn wà tí irun ajá ń mú sín, ẹlòmíràn sì wà tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun.

Ẹ̀kẹta, ìta ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, níbi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. A mú Rufus lọ sí pápá kan. Ẹnì kan di okùn rẹ̀ mú, ẹlòmíràn di ti àlejò mú. A jọ ń rìn lọ ní ọ̀nà kan náà, ní ọ̀ọ́kán ara wa, a sì ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀, láìfa okùn le. A jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ara wọn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, a tún tẹ̀síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má wo ìrù nìkan, nítorí ajá tó ń jùrù lè máa bínú. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi, tó tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú, tàbí tó ń lá ẹnu tó sì ń yán láìsí oorun, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá wọlé, ẹ kó eegun, ohun ìṣeré àti àwo oúnjẹ kúrò nílẹ̀, kí olúkúlùkù sì máa jẹun ní yàrá tirẹ̀. Ní ti Molly, kúbùsù ni a kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n: a gbé kúbùsù ajá síbi tí ológbò ń sùn, a sì gbé ti ológbò fún ajá, kí òórùn tó ṣáájú ojú. A fi ìlẹ̀kùn kékeré onígi, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ọmọdé dúró, dí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kí òkè lè jẹ́ ti Molly nìkan. Ẹ má gbé ológbò lọ́wọ́ láti fi han ajá. Bí ẹ̀rù bá bà á, ojú yín ni yóò fi ṣe àkàbà. Àwọn tó ń tọ́jú ajá sábà máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni àlejò fi ń bẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń kọ́ ìṣe ilé, oṣù mẹ́ta ni ó fi ń mọ̀ pé ilé òun nìyí. Àwa tí a dé sí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú àpótí kan mọ̀ pé irọ́ kọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ajá bá kùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá lu ajá nítorí pé ó kùn ń kọ́ ọ láti bù jẹ láìkìlọ̀ ni. Bí ìjà bá sì dé, ẹ má ti ọwọ́ bọ àárín wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ajá lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ wa kì í ju ọdún kan sí mẹ́rin. Ní ọdún 1978 ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Dogs Trust lónìí bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú yìí pé ajá kì í ṣe ohun Kérésìmesì lásán, pé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè sọ ẹni tí yóò gba ajá lọ́wọ́ òun ní ọjọ́ tó bá ń padà sílé, kó má mú un. Kó máa bá àwọn aládùúgbò mú tiwọn rìn. Inú wọn yóò dùn sí i.

Abo greyhound ọlọ́dún mẹ́fà ni ó wá bá wa gbé níkẹyìn. Ó ti kúrò lẹ́nu eré ìje, ó sì ti bá ológbò gbé nílé ẹni tó gbà á tọ́jú. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló lè bá ológbò gbé, ìdí nìyí tí a fi béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ní kí àwa sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé òwe ni àwọn bàbá wa fi ń sọ ajá lórúkọ. A sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀mú. Ahọ́n ìyá kò gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n ajá ń dá a lóhùn. Rufus ti ń jẹun. Molly kò tíì bá a ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ keje ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gba iwájú ajá náà kọjá, ó mu omi rẹ̀, ó sì padà lọ láìsáré. Ìyá pè wá láti ilé ìdáná kí a wá wò ó. Àpá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin méjì tí ẹ kọ̀wé: ẹni tó ní ológbò, lọ bi àwọn ilé ìtọ́jú, kí o sì ní sùúrù dé ìgbà tí èyí tó yẹ bá dé. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé, gbọ́ tẹnu wọn kí o tó ṣe ohunkóhun. Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, kò tíì yá nìyẹn.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á ṣi ilé wọ̀ o.